Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ìbọn ń ró kíkankíkan. Gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì wa ti fọ́ yángá.

Ọ̀gá dúró tì mí lẹ́yìn, ó ń jágbe: "Ṣé o ò tíì parí ẹ̀ ni?"

Ojú ewé kan ni mò ń ṣe sórí kọ̀ǹpútà. Èèyàn á yan àdúgbò, á yan ọjọ́ orí, á tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnì yẹn á lọ tààrà sórí fóònù àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, kí wọ́n lè tètè ṣà àwọn tá a yàn, kí wọ́n sì kó wọn jáde kí ọ̀tá tó dé.

"Àmì orí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kó gba inú bọ́tìnì. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ jàre! Ta ló ń wá àmì lójú ogun?"

Mo pa á rẹ́.

Mo yan ìsàlẹ̀ odò. Mo yan arúgbó. Màmá mi ń gbé níbẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ọkàn mi balẹ̀.

Kò pẹ́, olórí ẹ̀ṣọ́ pe ọ̀gá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ketekete.

"Ọ̀gá, a ti ṣe é. Àdá wa ti kújú. Ta ni ì bá mọ̀ pé arúgbó lè máa ṣe amí fún ọ̀tá? Ìyá kan ṣáà ń pariwo pé ọmọ òun wà ní ọ́fíìsì yín."

Àdá kẹ̀?

Mo wo bọ́tìnì. ṢA WỌN.

Mo ní kí wọ́n ṣà wọ́n.

Wọ́n ṣá wọn.