Níbo Ni Renata Ti Rí I?

Misis Pruitt, olùkọ́ wọn, yí ìwé náà lórí tábìlì kí Renata Kubiak lè rí i dáadáa. Bírò pupa ti fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì. Lókè, níbi tó yẹ kí máàkì wà, àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó gbé fún kíláàsì náà kò le. Gordon Haslund, tó jẹ mẹ́yọ̀, ìyẹn olórí ìlú, ní Kesling fún ọdún méjìlélógún, kú nínú oṣù Kejì. Kirsten, ọmọ rẹ̀ àgbà, ló sọ̀rọ̀ ìdágbére níbi ìsìnkú, gbogbo ìlú sì sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: Misis Pruitt tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, ó pín in, ó ní kí kálukú wá ọgbọ́n tí Kirsten fi wọ àwọn èèyàn lọ́kàn. Kí wọ́n wo àwítúnwí, kí wọ́n wo àsọdùn, kí wọ́n wo ibi tó ti dánu dúró. Àmọ́ ohunkóhun tí kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti rí i sí ìsàlẹ̀ ìwé: orúkọ ìdílé ni kó ṣáájú, kí ibi tó ti gbọ́ ọ tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, olè ni, odo sì ni máàkì olè.

“Àwa mẹ́ta” tí Kirsten ń tún wí, nípa òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ni gbogbo kíláàsì kọ́kọ́ rí. Àwa mẹ́ta ló kọ́ ní ìwé kíkà. Àwa mẹ́ta là ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àwa mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Misis Pruitt ní ẹ̀ta ni etí ń fẹ́. Bí ẹ̀kẹrin bá wọ̀ ọ́, orin bàjẹ́. Renata nìkan ni kò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní bóyá Renata ò lè kà dé ẹ̀ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Renata náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá kọ ló di ọ̀rọ̀. Kirsten ti sọ pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bàbá àwọn máa ń jókòó ti iṣẹ́ ìlú ní ọ́fíìsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Renata kọ ọ́ pé àsọdùn ni, pé bó bá ti di aago márùn-ún Ọjọ́rú, kì í sí níbẹ̀ mọ́. Kirsten tún sọ pé bàbá àwọn kò jẹ́ kí àwọn borí òun rí nínú káàdì, kí àwọn lè mọ̀ pé ayé kì í fi nǹkan tọrẹ. Renata ní àsọdùn nìyẹn náà. Ó ní bàbá náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, á máa wo òkè àjà bíi pé kò rí káàdì tí ọmọdé fi pamọ́ sábẹ́ itan.

“Níbo lo ti rí i?” Misis Pruitt bi í.

“Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, mà.”

“Kò sẹ́ni tó kàn ń mọ irú èyí. Ọmọ inú ilé nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Annika ló bá ẹ kọ ọ́, àbí?”

Annika ni àbíkẹ́yìn Haslund; ọdún kejì ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Renata mi orí pé rárá. Misis Pruitt ránṣẹ́ pe Annika, ó sì ka gbólóhùn méjèèjì fún un.

“N ò bá a sọ̀rọ̀ rí láyé mi,” ni Annika wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Irọ́ sì ni. Dádì ò jẹ́ kí n borí òun rí, kódà lọ́jọ́ ọjọ́ìbí mi.”

Ojú ti Renata bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Kò lè wo ọmọ náà. Misis Pruitt kì í ṣe òǹrorò. Òun ló kọ lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi gba Renata. Ó ní bí kò bá sí orísun nísàlẹ̀ ìwé yẹn títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, odo ni, kò sì ní bá wọn jáde ní oṣù Kẹfà, òun yóò sì gba lẹ́tà òun padà. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé Renata gbàgbé kóòtù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn délé nínú òtútù oṣù Kẹta.

Darlene, ìyá rẹ̀, ń múra iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ etí adágún, níbi tí gbogbo ìlú ti ń jẹ ẹja díndín ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó ka gbólóhùn méjèèjì, ó tún un kà, ó sì rọra jókòó.

“Lọ bẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Sọ pé o jí i wò níbì kan.”

“Kí n pe ara mi lólè, Mọ́mì?”

“Ìtìjú olè kì í pẹ́ tán.” Kò gbójú sókè. “Mo ti ṣèlérí, Renata. Jọ̀ọ́.”

Renata ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti ìwé náà ní ilé ìkàwé, ó kọ “mo jí i wò,” ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́, títí ìwé fi fẹ́ lu níbẹ̀. Ojú ń tì í nítorí Misis Pruitt, ó ń tì í nítorí ìyá rẹ̀, èyí tó sì le jù ni ojú Annika tó pọ́n.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó fi ìwé náà sórí tábìlì olùkọ́, ó mú kóòtù rẹ̀, ó sì jáde.

Ohun tó kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ni: “Haslund, Gordon, bàbá mi. Ìdí tábìlì ilé ìdáná wa. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, fún ọdún mẹ́tàdínlógún.”