Ìgbà Mẹ́ta Ni Wọ́n Ń Bi Ìyàwó

Ní gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Shiraz, kò sẹ́ni tó mọ ohùn èèyàn túmọ̀ bíi Farangis Khanom. Bí o bá kí i, kì í ṣe ìkíni náà ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ bí o ṣe fà á, ibi tí o ti mí, àti èyí tí o gbé mì. Àánú àwọn tí Ọlọ́run kò fún nírú etí bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Golnar fún ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin náà gbé tíì wá, ó dúró díẹ̀ kó tó sọ pé, "Ẹ gbà, Màmá." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun Farangis mọ́.

"Ọmọ yẹn ò fẹ́ wa," ó sọ fún Mahin, àbúrò rẹ̀. "Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe dánu dúró ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tíì gbígbóná ló gbé dání. Ó ń ṣọ́ ọ kó má dà ni."

"Ìwọ náà kúkú ti gbọ́ nǹkan kan rí!" Ó yíjú sí Bardia, ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó wù ẹ́?"

Bardia ju ṣúgà sẹ́nu, ó sì dúró títí tó fi yọ́ tán. "Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó ṣe é, Màmá?"

"O ṣeun, ọmọ mi." Ó ti kọjú sí Mahin padà. "Tó bá kọ̀ lójú gbogbo ayé, ibo ni mo fẹ́ fojú sí?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ta aṣọ funfun sórí àwọn méjèèjì, àwọn obìnrin sì ń ha ṣúgà lé e kí ìgbéyàwó náà lè dùn. Àlùfáà bi Golnar bóyá ó gbà. Golnar dákẹ́.

"Ìyàwó ti lọ já òdòdó!" àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo. Ẹ̀rín sọ. Ìyàwó tó bá dáhùn kíákíá, ojú ń kán an nìyẹn. Farangis náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tiẹ̀.

Àlùfáà bi í lẹ́ẹ̀kejì. Golnar dákẹ́.

"Ó ti lọ gbé omi òdòdó wá!"

Farangis fa àbúrò rẹ̀ mọ́ra. "Mahin, mo gbé! Ìdákẹ́ ẹni tó fẹ́ kọ̀ nìyí."

Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá ọkọ fi ń ṣí ìyàwó lẹ́nu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ ti ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ kún un, ó kó gbogbo rẹ̀ lé Golnar lẹ́sẹ̀.

Àlùfáà bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Pẹ̀lú àṣẹ bàbá mi, màmá mi àti ẹ̀yin àgbà, bẹ́ẹ̀ ni."

Ariwo gba ilé kan. Farangis bú sẹ́kún ayọ̀. "Ṣé o rí i, Mahin? Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀!"

Ó kù kí wọ́n bi ọkọ. Ọkọ kì í lọ já òdòdó. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bi í, á sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dìde, Farangis ti ń pín nǹkan dídùn kiri nígbà tí àlùfáà bi Bardia.

Bardia tẹjú mọ́ àwo oyin tó wà níwájú rẹ̀, kò fọhùn, àlùfáà tún bi í, kò fọhùn, àwọn tó ti dìde tún jókòó, ìyá rẹ̀ sì gbọ́ ọ yé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti bí i.