Ọjọ́ Tí Bàbá Sàkàrìyáù Lọ Wo Omi Gbígbóná

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Píjò náà lọ́jọ́ náà, lọ́dún 1987, kò ju márùn-ún lọ: Bàbá Sàkàrìyáù, onílẹ̀ ní Ìgàndò, Ìyá Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mọ́ṣúdù, àkọ́bí rẹ̀, Nùsírátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, àti Akínlẹ́yẹ, awakọ̀ tí Mọ́ṣúdù háyà ní Akówonjo. Ìkògòsì ni wọ́n ń lọ, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú òkè, nítorí orúnkún Bàbá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ́ṣúdù ti bẹ Bàbá, tí kò gbà. Láti oṣù méjì ni Bàbá ti ń gbé àga lọ sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, tí á jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ń bá ẹni tó ni ín ṣọ́ ọ ni. Mọ́ṣúdù rò pé Ọlọ́run ló ń wí.

Ló bá tọ Nùsírátù lọ.

“Mo ti ta ilẹ̀ yẹn. Àlàmísì ni katapílà ń bọ̀. Bàbá sì ní bí wọ́n bá máa wọ ibẹ̀, orí òun ni wọ́n máa gbà kọjá. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tẹ bàbá wa pa ni?”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, bọ̀dá mi?”

“Ìwọ lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá wa lọ sí Ìkògòsì lọ́jọ́ náà, jàre. Kì í gbọ́ tèmi.”

Nùsírátù kúnlẹ̀ níwájú Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá wò ó títí.

“Ìwọ lo ní kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní Àlàmísì?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó dáa. A ó lọ.”

Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀.

Ìdájí ni wọ́n gbéra. Wọ́n kí ìrun àsùbáà n'Íbàdàn. Nígbà tí wọ́n kọjá Iléṣà, Nùsírátù ra búrẹ́dì fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ yí àwọn òkè Èfọ̀n ká. Mọ́ṣúdù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ní Ìkògòsì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi hàn wọ́n bí omi gbígbóná ṣe ń bọ̀ lápá kan, tí omi tútù ń bọ̀ lápá kejì, tí àwọn méjèèjì sì pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ.

“Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń gbóná bọ̀,” ọkùnrin náà wí. “Kò sẹ́ni tó dáná sí i.”

Ìyá Wòsílátù ki ẹsẹ̀ bọ ọ́. “Yéè! Ẹ̀yin obìnrin ibí mà ṣoríire o. Èéfín igi ti fọ́ èmi lójú tán nítorí omi ìwẹ̀!”

Bàbá gan-an rẹ́rìn-ín. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ó ti èkejì bọ omi tútù. Nùsírátù kúnlẹ̀, ó ń bu omi sí i lórúnkún. Ó mọ̀ pé igi á ti máa wó n'Ígàndò.

“Bàbá,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “katapílà ti wọ ilẹ̀ yẹn o. Wọ́n ti tà á.”

Bàbá kò gbé ojú kúrò lára omi.

“Mo mọ̀ kí a tó kúrò nílé. Bó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bu omi sí tòsì.”

Nùsírátù sunkún. Ó rò pé Bàbá ti dárí ji òun.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí wọ́n tó dé. Kò sí igi kan lóòró mọ́ lẹ́yìn ilé. Erùpẹ̀ pupa ló kù. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Ìyá Wòsílátù di ọwọ́ Nùsírátù mú.

“Ọmọ yìí, o mà lawọ́ o. Èmi ò lè ṣe é láé.”

Nùsírátù rò pé búrẹ́dì ló ń wí.

Ọláídé, ọmọ ọmọ mi, torí rẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí: nígbà tí ọmọ tí o bí yìí bá dàgbà tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀, pè é jókòó, kí o sì tún gbogbo ohun tí a fún un lọ́jọ́ ìkómọ sọ fún un, nítorí ọjọ́ tí wọ́n sọ Nùsírátù lórúkọ ni Bàbá ti fi ilẹ̀ yẹn ta á lọ́rẹ níwájú ẹbí, gbogbo àgbà ilé sì rò pé ó mọ̀, kò wá sẹ́ni tó sọ fún un.