Dádì Ibtisam Dé Wọ́ọ̀dù

Gbogbo Ẹdẹ, tó fi mọ́ ẹja inú odò Ọ̀ṣun, ló mọ̀ pé Àtàndá fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ tí oṣù ẹ̀ ò pé.

Ojoojúmọ́ ló ń kígbe lórí Fesibúùkù: "Ibtisam mi ti ń fa ọmú! Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀!"

Lónìí, ọmọ ń kúrò ní ọsibítù lọ sílé.

Àtàndá wọ wọ́ọ̀dù, ó ń ṣe fídíò, ó ń fẹnu ko gíláàsì àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé sí.

Àwáwù ìyàwó ẹ̀ ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Dádì, ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń kí. Tiyín ló wà láyà ìyá ẹ̀. Òní la kọ́kọ́ rí yín."

Àwáwù fa ìborùn bo ọmọ tó so mọ́yà.

"Ibtisam, sùn jàre. Àlejò ni."