Oògùn Oorun Tí Ọmọ Fún Ìyá Rẹ̀ Lábẹ́ Ìbòmú

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ní baba, ẹ má fo ìlà kan nínú ìtàn yìí. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Ọkùnrin kan ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Dókítà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n òun gbà á gbọ́.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Wọ́n de ìbòmú mọ́ ọn nímú àti lẹ́nu, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Okùn rẹ̀ le, ó ti bó ìyá nímú, gbogbo ìgbà ni ìyá sì ń já a kúrò. Nọ́ọ̀sì àgbà pe ọkùnrin yìí àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rọ yìí ò mí fún Màmá, ó kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Àwọn fúnra wọn ló ń mí. Àwa máa fún wọn ní oògùn ìrora, díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ wọn. Tí oorun bá wọ̀ wọ́n lára jù, mímí wọn á dẹ̀. Ẹ má fún wọn ní nǹkankan lẹ́nu o."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ọmọ aláìsàn ni yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé eegun.

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, télọ̀ jáde lọ pọn omi. Ìyá di ẹ̀gbọ́n mú lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ìwọ ni mo gbójú lé. Nǹkan yìí ń pa mí lára."

Ẹ̀gbọ́n tú okùn ìbòmú, ó fi ṣíbí fún un ní oògùn oorun mẹ́ta tó ti lọ̀ kúnná láti ilé. Ibi tó ti ń so okùn padà ni àbúrò rẹ̀ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ fún Màmá?"

"Oògùn oorun ni. Wọ́n á sùn, ìbòmú á dúró jẹ́ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún nọ́ọ̀sì."

"Tóo bá lanu, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́!"

Télọ̀ gbé omi sílẹ̀, kò pe nọ́ọ̀sì. Ìyá sùn, ọwọ́ rẹ̀ kò já okùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí: "Mo ti yanjú ẹ̀."

3.
Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì dé. Ó pe ìyá, kò dáhùn. Ó gbọn èjìká rẹ̀, kò dáhùn.

"Ṣé ẹ fún wọn ní nǹkankan?"

"Rárá o!" ni ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Ni nọ́ọ̀sì àtàwọn dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n rò pé ọpọlọ ni. Bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń pa agbára oògùn oorun yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn wọn! Ẹ̀gbọ́n dúró, ó ń wò. Kò fẹ́ kí ojú ti òun.

Ìyá bì sínú ìbòmú. Ẹ̀rọ sì ń fẹ́ atẹ́gùn lọ ní tirẹ̀, ó ń fẹ́ èébì náà sí i lọ́nà ọ̀fun. Ìgbà yẹn ni télọ̀ bú sígbe: "Oògùn oorun ni! Ó fún wọn ní mẹ́ta!"

Wọ́n sáré. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ti lọ.

4.
Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sinmi ni."

Àbúrò rẹ̀ dáhùn pé: "Wọ́n ti sinmi."

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Bí ìbòmú bá ń ni èèyàn yín lára, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó bínú tó bá fẹ́. Ẹ má gbé oògùn ilé wọ yàrá aláìsàn ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe náà, ẹ tètè sọ ọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn, irọ́ ló pa ìyá oníyàá yìí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.