Niyat Shah àti Òkè Tó Ti Ń Wù Ú Láti Kékeré

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ohun kan ti wà lọ́kàn yín láti ìgbà èwe, tí ẹ ṣì ń sọ pé, "Ó di dandan kí n ṣe é kí n tó kú." Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.
Kò sẹ́ni tí kò mọ Niyat Shah ní Shimshal, abúlé wa láàárín àwọn òkè oníyìnyín. Alásè ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀ lé àwọn tó ń gun òkè, tó ń ru ìkòkò àti ìyẹ̀fun dé ìsàlẹ̀ òkè, tó ń se tíì oníyọ̀ dè wọ́n. Ó ti kí ọ̀pọ̀ èèyàn kú oríire nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ òun alára kò tíì dé ṣóńṣó òkè kankan rí. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti ń da ewúrẹ́ ni òkè funfun ẹ̀yìn abúlé ti ń wù ú. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé adùn ọbẹ̀ ló mọ̀, kò mọ adùn òkè. Á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń gún un lọ́kàn.

Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó lọ bá Tolib, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Káfíńtà ni Tolib, òun ló gbẹ́ ìdajì ilẹ̀kùn tó wà lábúlé wa, ó sì mọ òkè gùn dáadáa. Tolib gbà láti bá a lọ.

Gulnor, ìyàwó Niyat Shah àti ìyá Nigor ọmọ wọn, kò ní kí wọ́n má lọ. Ó kàn mú àwọn méjèèjì jókòó, ó gbé búrẹ́dì síwájú wọn, ó ní kí wọ́n ṣàdéhùn lójú òun pé tí aago kan ọ̀sán bá ti lù, ibi yòówù kí wọ́n dé, wọn á yí padà. Gbogbo wa la mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sán ni ìjì máa ń jà lókè níbẹ̀.

"Bàbá Nigor, ṣé ẹ gbọ́ mi? Aago kan o."

"Mo ti gbọ́. Àbí ọmọdé ni mí ni?"

2.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn dé ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Tolib fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń gòkè bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n so ara wọn mọ́ okùn kan ṣoṣo, wọ́n sì la pápá yìnyín kọjá. Ihò jíjìn pọ̀ níbẹ̀ lábẹ́ òjò dídì. Èèyàn kì í dá ibẹ̀ gbà: bí ẹnì kan bá já sínú ihò, ẹnì kejì ni yóò fi okùn fà á jáde.

Nígbà tí aago kan lù, ṣóńṣó òkè ti wà níwájú wọn kedere. Ìkùukùu sì ti ń kóra jọ.

"Ẹ̀gbọ́n, aago kan ti lù. Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀."

"Wò ó, Tolib. Òun nìyẹn."

"Mo rí i. Á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Èmi ńkọ́? Ta ló sọ fún ẹ pé èmi náà á ṣì wà? Máa lọ sílé bó bá wù ẹ́."

Ó tú okùn kúrò lára, ó bọ́ sọ́nà. Kò wẹ̀yìn rárá.

3.
Ó débẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò dùn mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó rí odò wa tó tẹ́ bí okùn, ó rí oko bàbá rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún kó lè fi fóònù ya fọ́tò, ni afẹ́fẹ́ bá gbá ìbọ̀wọ́ náà lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ni ìbọ̀wọ́ kan jẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?

Nígbà tó fi sọ̀ padà, ìkùukùu ti bo gbogbo ọ̀nà. Ó rò pé Tolib ti lọ. Tolib wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi dúró sójú kan nínú ìjì, torí ó mọ̀ pé àna òun kò lè dá la pápá yìnyín yẹn kọjá. Ó rí ọwọ́ ọ̀tún Niyat Shah ní ìhòòhò. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó nà án sí i.

Niyat Shah gbà á.

Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí yìnyín. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé àgọ́.

4.
Ìka mẹ́rin tí òtútù ti pa ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún Tolib nílé ìwòsàn. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti Niyat Shah pé. Káfíńtà tí kò lè di òòlù mú mọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Gulnor kò jà, kò sì pariwo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ lo ìgbà òtútù nílé àbúrò òun, kí òun lè ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kó tó jáde, ó ní, "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín." Òtútù ti lọ tipẹ́, kò tíì padà.

Àwọn tó ń gun òkè kò pe Niyat Shah mọ́, kódà láti se tíì. Ẹni tó tú okùn lórí òkè, ta ni yóò tún bá a so okùn? Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó fi fọ́tò orí òkè han òun, á ní fóònù ti bàjẹ́.

Ó lọ bẹ Tolib. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Tolib ní kó dìde.

"Mi ò bínú pé ẹ gun òkè, Ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò tíì dé orí rẹ̀ rí. Láti kékeré ló ti ń wu èmi náà. Torí pé a jọ ṣàdéhùn ni mo ṣe dúró."

Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ jẹun, Niyat Shah kò tíì bi í léèrè rí bóyá òkè náà ń wù ú.

5.
Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ pa ìfẹ́ ọkàn yín tì. Òkè ni o, òkun ni o, ọkọ̀ òfuurufú lẹ fẹ́ wọ̀ ni o, ẹ lọ. Ọjọ́ orí kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìfẹ́ ọkàn tó mú èèyàn gbàgbé pé ẹlòmíì náà ní ọkàn. Àdéhùn tí ẹ ṣe nílé nígbà tí orí yín pé, ẹ má jẹ́ kí ìwúrí ojú ọ̀nà gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ẹ jọ so okùn, ẹ má tú u sílẹ̀. Ẹ wẹ̀yìn wò ó. Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé sórí ṣóńṣó òkè. Bó ti wù kó dùn tó níbẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn èèyàn wa ni. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ilé làbọ̀ sinmi oko.