Yẹ̀kínì Tí Kì Í Sọ̀kalẹ̀ Lórí Alùpùpù

Ọ̀lẹ ni Yẹ̀kínì, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tiẹ̀ yàtọ̀. Kì í sùn di ọ̀sán, kì í sì í sá fún iṣẹ́. Ohun tí kò fẹ́ ṣáá ni kó sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù. Tó bá ti jókòó sórí ẹ̀ láàárọ̀, ó di ìgbà tó bá padà délé. Orí ẹ̀ ló ti ń ra ẹ̀kọ, orí ẹ̀ ló ti ń kí àna, orí ẹ̀ náà ló sì ti ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1986, iléeṣẹ́ olóògùn kan láti òkè òkun gbé oògùn ibà tuntun wá sí Ìwó. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn kí wọ́n tó máa tà á. Lọ́dọ̀ tiwọn, ta ni ibà ń ṣe? Lọ́dọ̀ wa, ibà ò wọ́n. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀ wa nìyẹn. Dókítà Fáṣínà, ará Ìbàdàn, ni wọ́n fi ṣe olórí. Òun ló gba Yẹ̀kínì, tó fún un ní alùpùpù, pé kó máa bẹ àwọn tó ń lo oògùn náà wò ní Kuta, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó.

"Yẹ̀kínì," Dókítà wí, "o ò ní bi wọ́n pé ṣé ara le o. Sọ̀kalẹ̀, jókòó tì wọ́n, kó o bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: orí ńkọ́, ojú ńkọ́, etí ńkọ́, inú ńkọ́? Ibi tí oògùn yìí bá ti ń yọ èèyàn lẹ́nu la fẹ́ mọ̀. Tó o bá ṣe é dáadáa, a ó gbà ẹ́ síṣẹ́ pátápátá, alùpùpù á sì di tìẹ."

"Ó ti yé mi, sà." Alùpùpù nìkan ló yé e.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Tó bá dé iwájú ilé, á tẹ bíréèkì díẹ̀, kò ní pa ẹ́ńjìnnì, á juwọ́, á kígbe: "Ẹ kú ilé o! Ṣé ara le?"

Ta ni wọ́n máa kí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó máa ka àìsàn sílẹ̀? "A dúpẹ́ o! Alihamdulilahi!" Yẹ̀kínì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà, ó di ilé kejì.

Oògùn náà ń wo ibà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń di èèyàn létí. Ní Kuta, tọkọtaya kan tó ti ń jà tipẹ́ parí ìjà, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ èébú ẹnì kejì mọ́. Ní Ilé-Ogbó, ládàánì ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀, ó rò pé òun ò tíì pe ìrun, ló bá ń tún un pè, títí àwọn tó ti kírun tán fi padà wá ṣe àlùwàlá.

Ní Olúpọ̀nnà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sáré tẹ̀ lé Yẹ̀kínì. "Bùrọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ dúró! Ìyá mi ò gbọ́ràn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń lo oògùn yín!"

"Ṣé kì í ṣe àwọn ló dá mi lóhùn yẹn?"

"Wọ́n rí ọwọ́ tẹ́ ẹ jù ni! Láàárọ̀ yìí, ajá gbó mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ wò wọ́n."

Yẹ̀kínì wo alùpùpù. Tó bá kọ ọ̀rọ̀ etí sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró, kí alùpùpù sì lọ. "Àgbà ló dé sí wọn," ó wí, ó fi èéfín bò ó lójú, ó lọ.

Inú àwọn olóògùn dùn. Oògùn tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu! Wọ́n ní Dókítà ń bọ̀ wá gba Yẹ̀kínì síṣẹ́ pátápátá. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́ ni ibà gbé Yẹ̀kínì dè. "Kí ni mo ń jìyà fún?" ó wí. "Ṣebí èmi náà ni mo kọ ọ́ pé kò sí wàhálà?" Ló bá gbé oògùn náà mì, ó tún gbé ìlọ́po ẹ̀ mì. Ibà lọ. Ibà sì mú etí ẹ̀ dání lọ.

Lọ́jọ́ náà, Dókítà kọ́kọ́ yà sí Olúpọ̀nnà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aráàlú. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó jókòó ti ìyá Sẹ̀gilọlá. Kí ó tó dé Ìwó, gbogbo ẹ̀ ti yé e. Yẹ̀kínì ti wọ agbádá, ó ń retí ẹ̀ lórí alùpùpù.

"Yẹ̀kínì, ìwọ lo kọ ọ́ pé etí gbogbo wọn dá ṣáká?"

Ẹnu Dókítà ni Yẹ̀kínì ń wò. Ó rò pé ó ń yin òun. "A dúpẹ́, sà!"

"Èèyàn burúkú ni ẹ́!"

"Alihamdulilahi, sà!"

"Mo lé ẹ. Mú kọ́kọ́rọ́ wá." Dókítà na ọwọ́. Yẹ̀kínì fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, inú ẹ̀ dùn débi pé, lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Awakọ̀ Dókítà gun alùpùpù, ó ṣáná sí i, ó gbé e lọ. Yẹ̀kínì ò gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló wà tó ń dúpẹ́.

Wọ́n dá oògùn náà dúró, etí àwọn yòókù ń là díẹ̀díẹ̀. Ti Yẹ̀kínì tó mu ìlọ́po ò là dáadáa títí dòní. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Àwọn tó ń gun alùpùpù á máa fun fèrè lẹ́yìn ẹ̀, títí wọ́n á fi sọ̀kalẹ̀ wá fọwọ́ tọ́ ọ pé kó yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi ti Yẹ̀kínì kọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá ní ká máa bójú tó ara ọmọ ẹlòmíì, ká má fi kíkí ṣe ìbéèrè. Ká sọ̀kalẹ̀, ká jókòó, ká bi í, ká sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń dán oògùn wò lára yín, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń wò ó bóyá ó dáa ni. Ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ dúpẹ́, kò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dúpẹ́ tán, ẹ nawọ́ síbi tó ń dùn yín.